Aṣọ Kún Kọ́bọ́ọ̀dù, Síbẹ̀ Kò Sí Èyí Tí Màá Wọ̀

Ìbéèrè tó délẹ̀ rèé. Mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ kún kọ́bọ́ọ̀dù mi débi pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ jáde, iwájú dígí ni mo máa ń dúró sí tí màá máa bọ́ ọ, tí màá tún máa wọ̀ ọ́. Nínú oṣù tó ń bọ̀, mo ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ipò ọ̀gá ní ẹ̀ka wa, mo ní ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi, mo ní ìsìnkú ìyá ọ̀gá mi, wọ́n sì tún pe èmi àti ọkọ mi síbi àsè alẹ́ kan tí wọ́n kọ 'Black Tie' sára káàdì rẹ̀. Mo ní gáàùn dúdú kan tí kò lápá, tó dé orúnkún; kóòtù aláwọ̀ aró kan tí mo fi owó gidi rà, àmọ́ tí mo bá wọ̀ ọ́, ó máa ń dà bíi pé mo yá a ni; gáàùn pupa gígùn kan tó ń dán; ṣòkòtò mẹ́ta; àti búláòsì alárànbarà rẹpẹtẹ. Súùtù aláwọ̀ eérú kan ṣoṣo ni ọkọ mi ní. Ṣé owó ni àwọn tó ń múra dáadáa fi jù wá lọ ni, àbí kí ni wọ́n mọ̀ tí àwa kò mọ̀?"

Arábìnrin mi, ẹ ṣeun tí ẹ ka àwọn aṣọ náà fún mi lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ kí n lè dá yín lóhùn bí ẹni tó jókòó sínú yàrá yín. Owó kọ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi aṣọ rírán àti ìmúra jẹun, mo sì ti rí olówó tí aṣọ olówó ńlá kò yẹ rárá, mo ti rí ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ tí gbogbo ènìyàn sì ń béèrè ẹni tó ń rán an fún un. Nǹkan méjì ni àwọn tó mọ̀ ọ́n wọ̀ mọ̀. Wọ́n mọ bí aṣọ tó ṣe wẹ́kú ṣe ń rí lára. Wọ́n sì máa ń bi ara wọn, kí wọ́n tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rárá, pé ta ló ni ọjọ́ yìí, kí sì ni wọ́n pè mí wá ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ méjèèjì kò ní máa bọ́ aṣọ kan wọ òmíràn níwájú dígí mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látara kóòtù aró yẹn, torí mo rí i pé òun ló máa gbà yín jù nínú oṣù yìí. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín méjèèjì rọ̀ wálẹ̀. Ẹ fi ìka wá ibi tí wọ́n ti rán apá kóòtù mọ́ èjìká. Ojú rírán yẹn gbọ́dọ̀ parí síbi tí egungun èjìká yín parí sí. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, apá kóòtù á tẹ̀ wọnú nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó wá dà bí ọmọ tó wọ aṣọ bàbá rẹ̀. Bí kò bá sì dé ibẹ̀, ẹ̀yìn kóòtù á máa fà nígbàkigbà tí ẹ bá nawọ́ mú nǹkan.

Èjìká ni mo fi ṣáájú nítorí pé òun ló ṣòro jù láti tún ṣe. Télọ̀ tó bá fẹ́ dín èjìká kóòtù kù ní láti tú apá kúrò, kó tú aṣọ inú rẹ̀, kó yọ tìmùtìmù èjìká, kó tó lè fi síṣọ́ọ̀sì kan nǹkan kan. Iṣẹ́ tó le ni, kì í sì í sábà rí bí ẹni tó kọ́kọ́ rán an ṣe fẹ́ kó rí. Nítorí náà, bí èjìká kò bá ti dára ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ dá a padà sórí ìkọ́, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Àmọ́ bí èjìká bá ti dára, gbogbo èyí tó kù ṣeé tọ́jú. A lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, a lè gé apá kúrú, a lè sún bọ́tìnnì.

Bí èjìká kóòtù yín bá wà níbi tó yẹ, a jẹ́ pé apá àti ìbàdí ló ń mú kó dà bí aṣọ àyálò. Apá kóòtù yẹ kó dúró síbi egungun ọrùn ọwọ́; bí ẹ bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, kí etí apá ṣẹ́ẹ̀tì yọjú níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan péré. Lẹ́yìn náà, ẹ de bọ́tìnnì. Bí aṣọ bá fà láti ojú bọ́tìnnì lọ sókè àti sísàlẹ̀ tó ya lẹ́tà X síkùn yín, ó fún. Bí ẹ bá lè fi odindi ẹ̀ṣẹ́ bọ àárín kóòtù àti ikùn, ó tóbi. Ẹ wá yí i sí òdì, kí ẹ wo aṣọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́bàá ojú rírán ní ẹ̀gbẹ́. Bí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ tàbí méjì, télọ̀ lè tú u kó sì fún yín láyè sí i. Bí wọ́n bá ti gé e mọ́ ojú rírán pátápátá, dídín nìkan ló ṣeé dín.

Oníbàárà mi kan gbé kóòtù kan wá nígbà kan, ó ní òun fẹ́ fún ẹlòmíràn, kí n kàn bá òun wò ó bóyá ó ṣì dára. Mo fi wọ̀ ọ́, èjìká rẹ̀ bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Apá rẹ̀ ló bo àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí dé oríkèé àkọ́kọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ́jọ níbi ìbàdí. Mo gé apá, mo gba ẹ̀yìn wọlé díẹ̀ ní ojú rírán àárín, mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù àti aṣọ tútù. Kò sí ohun mìíràn tí mo ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n bi í níbi iṣẹ́ pé níbo ló ti ra tuntun. Mi ò sọ èyí láti fi yangàn o, iṣẹ́ tí télọ̀ èyíkéyìí tó mọṣẹ́ lè ṣe ni. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí kóòtù tí ẹ ti ń wá kiri ti wà lára ìkọ́ yín.

Ẹ má wo nọ́ńbà tó wà lára aṣọ. Kò sí ìlànà kan tó de gbogbo ilé iṣẹ́ aṣọ lágbàáyé lórí rẹ̀. 12 ti ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ 10 níbòmíràn, àwọn mìíràn sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi nọ́ńbà kékeré sára aṣọ ńlá kí inú oníbàárà lè dùn. Mo mọ àwọn obìnrin tó ń fún ara wọn pa nítorí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Bí ó bá ká yín lára, ẹ gé e dànù nígbà tí ẹ bá délé. Mo sì tún fẹ́ bẹ̀ yín pé bí ó bá jẹ́ pé ẹ ra búláòsì tó tóbi láti fi bo ara mọ́lẹ̀, ẹ jáwọ́. Aṣọ tó bá fẹ̀ kọjá ara, fífẹ̀ rẹ̀ náà ni ojú máa ń gbà pé ara tó wà nínú rẹ̀ fẹ̀ tó. Aṣọ tó bá ara lọ láìfún mọ́ ọn ló ń mú kí ènìyàn gún régé, sísanra ni o, títínrín ni o.

Ní ti gáàùn dúdú, ibi méjì ni kí ẹ wò. Dáàtì tó wà láyà, ìyẹn ibi tí télọ̀ ti ká aṣọ pọ̀ tó sì rán an kó lè bá ara lọ, gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ọmú ti yọ jù, kó sì dáwọ́ dúró díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀; bí dáàtì bá wà lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, àyà gáàùn á máa wú níbi tí kò yẹ kó wú. Èkejì ni etí ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ ni télọ̀ gidi ti ń wọn etí gáàùn lọ sókè, kì í wọ̀n ọ́n láti ìbàdí wá sílẹ̀, nítorí pé ìbàdí ènìyàn púpọ̀ kò dọ́gba, ẹ̀yìn sì máa ń gbé aṣọ sókè ju iwájú lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé bí wọ́n bá ń bọ̀ wá wọn etí gáàùn tàbí ṣòkòtò, kí wọ́n mú bàtà tí wọ́n máa wọ̀ sí i dání. Ìyàtọ̀ díẹ̀ péré nínú gíga bàtà lè sọ ṣòkòtò tó dára di èyí tó ń gbálẹ̀.

Ó tún ku àyẹ̀wò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹ jókòó nínú aṣọ náà. Ẹ na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan lórí pẹpẹ. Ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń kí àgbàlagbà. Orí ìjókòó lẹ ó wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bẹ́ẹ̀ náà ni níbi àsè. Gáàùn tó dára lórí ìdúró àmọ́ tó ń ká gun itan lórí àga, kì í ṣe gáàùn tó dára.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú àwọn òde yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ̀yin lẹ ni ọjọ́ yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni wọ́n pè yín wá sọ. Aṣọ tó bá ń bá ọ̀rọ̀ ẹnu yín du ojú àwọn tó jókòó síwájú yín ti pọ̀ jù. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ yín náà ni, ẹ ti mọ bí àwọn tó wà ní ipò tí ẹ ń wá ṣe ń múra. Ẹ múra bí wọ́n ṣe ń múra lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ìpàdé pàtàkì. Kóòtù aró yẹn ló bọ́ sí i, lẹ́yìn tí télọ̀ bá ti fọwọ́ kàn án, pẹ̀lú ṣòkòtò kan nínú mẹ́ta yẹn àti búláòsì tí kò ní àrànbarà. Kí ẹ ṣọ́ra níbì kan: bí ọ̀kan nínú àwọn ṣòkòtò náà bá jẹ́ aró tí kò bá ti kóòtù dọ́gba, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọ̀ méjì tó fẹ́ jọra tí kò jọra máa ń dà bíi pé ẹ fẹ́ wọ súùtù ni ẹ ṣì í mú. Ṣòkòtò eérú tàbí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ gédégédé ló dára. Bó bá wá jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti máa fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, ẹ yẹra fún aṣọ onílà wínníwínní àti èyí tó ní àwọn igun kéékèèké, torí kámẹ́rà máa ń mú kí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa gbọ̀n rìrì lójú ẹni tó ń wò yín.

Ìgbéyàwó, ìyàwó ló ni ọjọ́. Níbi tí ìyàwó bá ti ń wọ funfun, bó ṣe tàn kálẹ̀ ní pàtàkì láti ìgbà tí Ọbabìnrin Victoria ti wọ gáàùn funfun ṣègbéyàwó lọ́dún 1840, ẹ fi funfun àti gbogbo àwọ̀ tó bá sún mọ́ ọn sílẹ̀ fún un, títí kan èyí tó jọ wàrà àti èyí tó jọ eyín erin. Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ béèrè bóyá àwọ̀ kan wà tí wọ́n ń fẹ́ àti bóyá àwọ̀ kan wà tí wọn kò fẹ́. Ìbéèrè yẹn kò tini lójú, ọ̀wọ̀ ni. Mi ò ní fẹ́ kí ẹ wọ gáàùn pupa tó ń dán lọ síbẹ̀. Yóò máa pe ojú kúrò lára ẹni tí gbogbo ènìyàn wá wò. Àwọn búláòsì alárànbarà yín ló lọ́jọ́ yìí. Ẹ mú èyí tí aró wà nínú àrànbarà rẹ̀, tàbí eérú, kí ẹ sì jẹ́ kí ṣòkòtò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀ tó ti wà nínú búláòsì náà. Ohun alárànbarà ẹyọ kan tó, kí gbogbo èyí tó kù dákẹ́ yí i ká.

Lórí àwọ̀, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí mo fura pé ibẹ̀ ni ìdí tí ẹ fi ní búláòsì tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò sì sí èyí tó wù yín. Ọkùnrin onímọ̀ kẹ́míkà kan wà ní ilẹ̀ Faransé, Michel Eugène Chevreul lorúkọ rẹ̀, òun ló ń bójú tó pípa aṣọ láró ní Gobelins, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ aláwòrán tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri ní Paris. Wọ́n ń ráhùn sí i pé òwú dúdú tí wọ́n ń pa níbẹ̀ kò dúdú tó. Ó yẹ aró náà wò, kò rí àbùkù kankan. Ìgbà tó yá ló wá rí i pé àwọ̀ tí wọ́n hun mọ́ ẹ̀gbẹ́ òwú dúdú náà ló ń mú kó ṣì lójú. Ó tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1839: àwọ̀ méjì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń yí ara wọn padà lójú ẹni tó ń wò ó. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọrùn aṣọ yín àti ojú yín. Aṣọ kan á mú kí ojú yín tàn, òmíràn á mú kó dà bíi pé ẹ kò sùn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà ni.

Ẹ kò nílò ìwé kankan láti mọ èyí tó yẹ yín. Ẹ jókòó lẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ má kun ojú, kí ẹ máa na búláòsì kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ má wo aṣọ, ojú yín ni kí ẹ máa wò. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ni ẹ kọ́kọ́ rí, kì í ṣe tiyín. Bí ó bá jẹ́ ojú yín ni ẹ rí, ẹ fi sí apá ọ̀tún. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni kí ẹ lò o, torí iná ilé àti iná ṣọ́ọ̀bù máa ń tan ènìyàn jẹ. Aró tó ṣú àti dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé yà sọ́tọ̀ lábẹ́ gílóòbù, títí ènìyàn yóò fi jáde sí gbangba kó tó rí i pé ìbọ̀sẹ̀ òun àti ṣòkòtò òun kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Èyí tí kò bá sí ní apá ọ̀tún, ẹ fún ẹni tó bá yẹ. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ènìyàn láti jọ̀wọ́ aṣọ, pàápàá èyí tí kò tíì gbó. Àmọ́ búláòsì tí kò yẹ yín tó ṣì wà níbẹ̀ ló ń bo èyí tó yẹ yín mọ́lẹ̀ láràárọ̀.

Ìsìnkú, olóògbé àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ọjọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, dúdú ni aṣọ ọ̀fọ̀. Láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Íńdíà, funfun ni. Àwọn ẹbí mìíràn sì máa ń ní kí àwọn ènìyàn wọ àwọ̀ tí olóògbé fẹ́ràn. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó sún mọ́ ọ̀gá yín. Bí wọn kò bá sọ nǹkan kan, gáàùn dúdú yẹn dára, àmọ́ ẹ bo apá. Ohun kan ṣoṣo tí màá ní kí ẹ rà nínú oṣù yìí ni kádígánì dúdú tó fẹ́lẹ́, tí kò ní bọ́tìnnì tó ń dán. Kí bàtà yín jẹ́ èyí tí ẹ lè fi dúró pẹ́ lórí ilẹ̀ rírọ̀, torí gìgísẹ̀ bàtà ṣóńṣó máa ń rì wọlẹ̀. Ẹ bọ́ ohunkóhun tó bá ń dún lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni kò bá rántí ohun tí ẹ wọ̀, ẹ ti múra dáadáa.

Àsè alẹ́ ló kù, òun náà ló sì ń ba yín lẹ́rù jù, mo rí i nínú lẹ́tà yín. Black Tie rọrùn ju bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí lọ, nítorí pé wọ́n ti yan ohun gbogbo sílẹ̀ de ènìyàn. Fún ọkùnrin, kóòtù dúdú tàbí aró tó ṣú gidi ni, tí wọ́n fi sílíìkì tàbí sátíìnì bo etí àyà rẹ̀, ṣòkòtò tó bá a mu, tí ó ní ìlà sílíìkì gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a kì í de bẹ́líìtì mọ́, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì dúdú olábẹ́bẹ́ (bow tie), èyí tí a ń so ní ọrùn, àti bàtà dúdú tó dán. Súùtù eérú ọkọ yín kì í ṣe èyí, kò sì sí bí a ṣe lè ṣe é kó di èyí. Ẹ má ra tuntun fún alẹ́ kan. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń yáni ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ẹ yá a, kí ẹ lọ wọ̀n ọ́n wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì wo èjìká rẹ̀ bí mo ṣe sọ fún yín lókè. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ pe olùpè yín kí ẹ béèrè bóyá súùtù dúdú pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì dúdú ṣeé gbà. Ọ̀pọ̀ ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹ má kàn ṣe bíi pé ẹ kò rí ohun tí wọ́n kọ sí káàdì, ìyẹn nìkan ni kò dára.

Ẹ̀yin, gáàùn pupa gígùn. Alẹ́ yìí ni wọ́n rán an fún. Nítorí pé aṣọ náà ti ń dán, kí bàtà má dán, kí ohun ọ̀ṣọ́ jẹ́ ẹyọ kan péré, yálà etí tàbí ọrùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo bébà kékeré tí wọ́n rán mọ́ inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé áyọ́ọ̀nù kàn án. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé pọliẹ́sítà wà nínú rẹ̀, ohun tí John Rex Whinfield àti James Tennant Dickson ṣe jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1941. Aṣọ tó dára ni fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, kì í hunjọ, àmọ́ kì í fa òógùn, iná sì máa ń yọ́ ọ. Bí ẹ bá rí àmì áyọ́ọ̀nù tó ní ojú kan (àmì róbótó kékeré) nínú, ìwọ̀n ooru rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 110°C lọ. Ojú méjì jẹ́ 150°C. Ojú mẹ́ta, tó wà fún òwú àti ọ̀gbọ̀, jẹ́ 200°C. Ẹ yí gáàùn náà sí òdì, ẹ tẹ́ aṣọ òwú funfun lé e, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má wọ́ áyọ́ọ̀nù lórí rẹ̀. Ohun kan náà ni fún kóòtù aró bí ó bá jẹ́ irun àgùntàn. Irun àgùntàn lè fa omi inú afẹ́fẹ́ tó 30% ìwọ̀n ara rẹ̀ kó tó tutù lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ó fi ń tura ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Bí ẹ bá fi í kọ́ sí balùwẹ̀ tí omi gbígbóná ti rú èéfín sí, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó hunjọ lára rẹ̀ á nà láìsí áyọ́ọ̀nù rárá.

Ní ti súùtù eérú ọkọ yín, òun ni kó wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, kó sì tún wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsìnkú pẹ̀lú táì dúdú bí eérú náà bá ṣú. Kó má de bọ́tìnnì ìsàlẹ̀. Kó wo ẹ̀yìn kóòtù náà níbi tó là sí: bí òwú tí wọ́n fi rán an pọ̀ bí lẹ́tà X bá ṣì wà níbẹ̀, kó gé e, àwọn tó rán an ló fi síbẹ̀ kó má baà fẹjú nínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkọlé orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá rán mọ́ ìta ọwọ́ kóòtù. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó gbé méjèèjì kiri fún ọdún púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn.

Ẹ kò béèrè nípa ìtọ́jú, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn, àmọ́ ẹni tó ń kí aṣọ máa ń wò ó títí dé bàtà. Kọ́là tó dọ̀tí, gìgísẹ̀ tó jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, bọ́tìnnì tó so rọ̀: ọ̀kan nínú wọn tó láti ba iṣẹ́ télọ̀ jẹ́. Ẹ má wọ bàtà aláwọ kan náà lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi ọjọ́ kan kí òógùn inú rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì ki bébà sínú rẹ̀ kí ìrísí rẹ̀ má baà wó. Àwọ̀ yẹ́lò tó máa ń mú abíyá aṣọ funfun, òógùn nìkan kọ́ ló ń fà á. Alumíníọ́mù tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí ń dá òógùn dúró ló ń pàdé òógùn, bílíìṣì oní-klorí sì máa ń mú kó burú sí i. Ẹ jẹ́ kí ìpara náà gbẹ dáadáa kí ẹ tó wọ aṣọ. Kádígánì tí mo ní kí ẹ rà yẹn, kíká ni kí ẹ ká a, ẹ má fi kọ́. Ìkọ́ máa ń fa èjìká aṣọ tí wọ́n hun, á sì yọ ìwo síbẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè rí i báyìí pé nínú gbogbo ohun tí mo tò yìí, kádígánì kan ni rírà, súùtù ọkùnrin kan sì ni yíyá. Ẹ wọ kóòtù kan náà lọ síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí aburú níbẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìmúra tó jẹ́ ti ẹnìkan ni pé ó ti rí nǹkan mélòó kan tó yẹ ẹ́, ó sì ń wọ̀ ọ́ léraléra láìtijú, títí tí ojú fi mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Nígbàkigbà tí aṣọ kan bá tù yín lára gan-an, ẹ ní kí ọkọ yín ya fọ́tò yín nínú rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Bí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀ díẹ̀, ẹ tò wọ́n síwájú ara yín, ẹ ó rí i pé ọrùn aṣọ kan náà, gígùn kan náà, àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kan náà ló ń padà wá. Èyí ni kí ẹ máa mú lọ́kàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, télọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, torí iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ sì nílò ìgbà kan sí i láti padà wọ̀ ọ́n wò. Ẹ gbé kóòtù aró àti gáàùn pupa lọ, pẹ̀lú bàtà méjèèjì tí ẹ máa wọ̀ sí wọn àti búláòsì tí ẹ máa wọ̀ sábẹ́ kóòtù. Bí ó bá ti fi pín-ìn-nì mú u, ẹ jókòó kí ẹ tó jẹ́ kó gé nǹkan kan, ẹ nawọ́ síwájú, kí ẹ sì sọ fún un bí ó bá fà yín níbikíbi. Kí ẹ gbà á lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kó má jẹ́ àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ náà lẹ ó máa sáré lọ gbà á.